Ìwé Àkọsílẹ̀ Ara Ẹni: Ìtàn Rẹ̀ àti Ìlò Rẹ̀ ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Nínú gbogbo ohun èlò tí olùkọ́ èdè Yorùbá ń lò, bóyá ni ọ̀kan wà tí a fojú tín-ínrín tó ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ nǹkan sí. Ìwé kíkà ni a máa ń ṣe àríyànjiyàn lé lórí: èwo ni kí a yàn, ta ni ó kọ ọ́, ṣé àkọtọ́ rẹ̀ bá ti òde òní mu? Ṣùgbọ́n ìwé tí ojú rẹ̀ ṣófo nígbà tí a rà á, kò sí ẹni tí ó kà á kún, àfi bí ó bá dọ̀tí tàbí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé rẹ̀ sílé. Ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó ni ọmọ ń dà kọ sínú rẹ̀. Bí ìdánwò bá parí, ó di ti alákàrà àti ẹlẹ́pà.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé irú ìwé bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó ni ín bá fi ohun tí etí ara rẹ̀ gbọ́ àti ohun tí ọkàn ara rẹ̀ rò kún un, ni orísun púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ilẹ̀ Yorùbá lónìí. Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a ní lọ́kàn jù, nítorí pé ohun tí ó yẹ kí a kọ sílẹ̀ níbẹ̀ pọ̀, ohun tí a sì ti kọ ní èdè ibẹ̀ gan-an kéré. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ gba Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Ìbàdàn kọjá ná, nítorí pé àwọn ìlú wọ̀nyí ni àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí ìtàn wọn hàn kedere ti jáde.

Àwọn Mùsùlùmí ni ó kọ́kọ́ mú ìwé kíkọ dé ọ̀dọ̀ wa. Wàláà ni ọmọ kéwú fi ń kọ́ṣẹ́, tí yóò kọ ọ́ tí yóò tún fọ̀ ọ́ nù. Ìwé àáfà ní tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ojú-ewé tí a kò rán pọ̀, tí a kó sínú àpò awọ, tí ẹni tí ó ni ín sì lè kọ àlàyé tirẹ̀ sí etí rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníwàásù ẹgbẹ́ C.M.S. dé, ẹgbẹ́ náà sọ ọ́ di dandan fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, títí kan àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, pé kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ajàyí Crowther kọ irú rẹ̀ ní ìrìn-àjò odò Ọya ti ọdún 1841, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ti Schön ní ọdún 1842. Àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyí wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Birmingham títí di òní, orí wọn ni J. D. Y. Peel sì gbé púpọ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀ kà, èyí tí ó jáde ní ọdún 2000, lórí ìpàdé ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ àti ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, a kò lè pè wọ́n ní ìwé ara ẹni pátápátá. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀gá òun ní òkè òkun ni yóò ka ìwé òun, kò ní ṣàì mú ọ̀rọ̀ kan kúrò, kò sì ní ṣàì fi òmíràn kún un.

Ìtàn ìwé Samuel Johnson ni ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ dunjú. Àlùfáà ni Johnson ní Ọ̀yọ́, ọdún 1897 ni ó parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó ti ń kó jọ láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1899 ni a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ oníwàásù kan. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1900, ó béèrè, wọn kò rí i fún un. Ní ọdún 1901 Samuel Johnson kú. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé tí a fi ránṣẹ́ yẹn nìkan ni ó kọ, ohun tí à ń pè ní The History of the Yorubas kò bá tí sí rárá. Ṣùgbọ́n ó fi àwọn àkọsílẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ojú-ewé tí ó kọ́kọ́ kọ kí ó tó tún wọn kọ. Inú wọn ni Obadiah ti tún ìwé náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wàhálà náà kò sì tán níbẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ọkọ̀ ojú omi Appam ni ó gbé ìwé kejì yìí lọ. Ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, Obadiah pàápàá ti kú ní ọdún kan ṣáájú.

Ìwé tí a tún kọ dáradára, tí ó ṣeé gbé fún àlejò, ni ó sọnù. Èyí tí ó rí wúruwùru, tí Johnson kọ fún ara rẹ̀ nìkan, ni ó yọ ìtàn wa nínú ìparun. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a máa ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ nítorí ìwé rẹ̀ kò mọ́ tónítóní ronú sí èyí.

Ní Oǹdó, tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, ajíhìnrere E. M. Lijadu ṣe iṣẹ́ mìíràn. Oníwàásù ni, kò sì fẹ́ràn Ifá bí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹni tí yóò bá babaláwo jiyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí babaláwo ń wí. Ó gbọ́ ẹsẹ Ifá lẹ́nu àwọn awo, ó sì kọ wọ́n sílẹ̀ ní Yorùbá. Inú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ni àwọn ìwé rẹ̀ méjèèjì lórí Ifá ti jáde: ti àkọ́kọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti Ọ̀rúnmìlà ní ọdún 1908. Lójú tiwa, ohun tí ó mú iṣẹ́ Lijadu wúlò ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni pé ó jẹ́ kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sọ ọ́ tán kí òun tó dá a lóhùn.

Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ti Ìbàdàn yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí. Akọ̀wé ni, àgbẹ̀ kòkó ni, òun náà sì di olórí nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Láti ọdún 1914 títí di àwọn ọdún 1960 ni ó fi ń kọ ìwé ìrántí ọjọ́ dé ọjọ́. Gbèsè tí ó jẹ, ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé, ìtìjú, ìrètí, ìwé tí ó kà, gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, Ilé-Ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn sì ni a kó wọn pamọ́ sí. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń kọ́ nípa ìwé tí àwọn ènìyàn lásán fi pamọ́ sínú àpótí wọn, bí Karin Barber àti Ruth Watson, ti fi hàn ní ọdún 2006 bí ìwé rẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó. Ẹ̀dùn kan ni ó wà níbẹ̀: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. A kò dá a lẹ́bi, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni àmì ọ̀làjú láàárín àwọn akọ̀wé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà Ìbàdàn bá a sọ, a kò gbọ́ ọ bí wọ́n ti sọ ọ́.

Ọ̀ràn yìí gan-an ni ó gbé wa dé Ọ̀wọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé a kò kọ nǹkan nípa Ọ̀wọ̀. Olóyè M. B. Ashara tẹ The History of Owo jáde ní ọdún 1951, ní àkókò tí àwọn ọmọ ìlú káàkiri ilẹ̀ wa ń kọ ìtàn ìlú wọn, gẹ́gẹ́ bí Jacob Egharevba ti ṣe fún Ìbíní ṣáájú wọn. Ní ọdún 1971 Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó'Lájà, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí ó sọ orúkọ Ọ̀wọ̀ di mímọ̀ lẹ́bàá Ifẹ̀ àti Ìbíní. Rowland Abiodun, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti kọ púpọ̀ lórí eyín erin gbígbẹ́ àti lórí ìtumọ̀ ọnà. Robin Poynor ará Amẹ́ríkà kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 1978 lórí ọnà tí a fi ń bọlá fún àwọn baba ńlá ní Ọ̀wọ̀. Ní ọdún 1980 ó tún kọ àpilẹ̀kọ lórí aṣọ híhun níbẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù àwọn tí ó ṣe ìwádìí wọ̀nyí ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó ń bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò sì fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ó bá fẹ́ mọ bí ìyá ìyá rẹ̀ ti ń pe apá kan lára òfì, inú ìwé ìròyìn tí a tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni yóò ti lọ wá a.

Kí ni ó dé tí àwọn ọmọ náà kò fi kọ ọ́? Apá kan ẹ̀bi náà wà lọ́rùn àwa olùkọ́. Álífábẹ́ẹ̀tì tí à ń kọ́ wọn ní lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò sì sí gh nínú rẹ̀. A sì tún ń kọ́ wọn pé fáwẹ́ẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ. Òótọ́ ni, nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ó bá sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé, Ọghọ ni yóò pe ìlú rẹ̀. Aghọfẹn ni yóò pe ààfin, ugha ni yóò pe àgbàlá inú rẹ̀, ule ni yóò sì pe ilé. Bí ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, yíǹkì pupa ni yóò bá pàdé. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, ọmọ náà á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé òun kò ṣeé kọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àṣìṣe. Láti ọdún 1967, nígbà tí Abíọ́dún Adétugbọ̀ ṣe ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, ni a ti mọ̀ pé Ọ̀wọ̀ wà lára ẹ̀ka gúúsù ìlà-oòrùn, àti pé ìró gh yìí jẹ́ ìró àtijọ́ tí àwọn ẹ̀ka ibẹ̀ pa mọ́, nígbà tí ẹ̀ka Ọ̀yọ́ ti sọ ọ́ di w. Báyìí, ẹni tí ó fa igi pupa lé Ọghọ lórí ń pa ẹ̀rí ìtàn rẹ́, ó sì rò pé àkọtọ́ ni òun ń tún ṣe. A kò wí pé kí olùdánwò máa gba ule nínú ìwé ìdánwò. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ni ìdánwò ń béèrè, ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó ń ṣe é. Ohun tí à ń wí ni pé ìwé àkọsílẹ̀ ara ẹni kì í ṣe ìwé ìdánwò.

(A mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ tí ó wà lókè yìí sílẹ̀ láìní àmì ohùn. Ohùn tí Ọ̀yọ́ fi ń pe ọ̀rọ̀ kì í fi ìgbà gbogbo bá ti Ọ̀wọ̀ mu. Ẹnu ọmọ ìlú ni ó yẹ kí olùkọ́ ti gbọ́ ọ kí ó tó fi àmì sí i.)

Ní apá Ọ̀sẹ̀, tí Ifọ̀n jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ọ̀ràn náà tún jinlẹ̀ sí i, nítorí ẹ̀gbẹ́ ààlà àwọn ará Ẹdó ni. Ní Ìdóàní, a rí àwọn tí ń sọ Iyayu, èdè tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ ìdílé èdè Ẹdó, kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá rárá. Àwọn tí ń sọ ọ́ kò pọ̀. Olùkọ́ Yorùbá tí ó bá wà níbẹ̀ lè ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sọ èdè kan pẹ̀lú ìyá àgbà, tí ó ń sọ ẹ̀ka-èdè Yorùbá ní ọjà, tí ó sì ń gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò ní kíláàsì. Kí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ má ṣe rò pé èyí tí kì í ṣe Yorùbá kò kan òun. Bí ọmọ náà bá kọ orúkọ ewé mẹ́wàá ní Iyayu, tí ó sì kọ ti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún.

Nípa bí a ó ti ṣe ìwé náà, ó dára kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, nítorí ẹni tí ó rán ìwé fúnra rẹ̀ kì í yára fà á ya. Ká fúlísíkáàpù mẹ́wàá sí méjì papọ̀, yóò fún ọ ní ogójì ojú-ewé. Fi abẹ́rẹ́ lu ihò márùn-ún sí ojú ìká náà, fi òwú tí a fi ìda pa rán an láti ihò àárín lọ síwá sẹ́yìn, kí o sì so ó sí àárín náà. Páálí ni a ó fi ṣe èèpo rẹ̀. Sítáàṣì gbágùúdá á lẹ̀ ẹ́ mọ́ra dáadáa. Àwọn ọmọ mìíràn á fẹ́ fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò ó, àwọn mìíràn á fẹ́ fi àjákù aṣọ bò ó. Ní Ọ̀wọ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hun Ṣẹghọṣẹn lórí òfì ìdúró, fọ́nrán òwú díẹ̀ láti ara aṣọ ìyá lè wọ inú ìwé náà, kí ọmọ sì kọ orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀ bí ahunṣọ ti pè é.

Ojú-ewé òsì ni kí a fi kọ ọ̀rọ̀ bí a ti gbọ́ ọ gan-an, pẹ̀lú gh àti u rẹ̀. Ojú-ewé ọ̀tún ni kí a fi kọ ọ́ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, kí a sì ṣe àlàyé. Báyìí, ọmọ yóò kọ́ àkọtọ́ láìpàdánù ohùn ìlú rẹ̀; olùdánwò kò sì ní ìdí láti bínú. Ní ìsàlẹ̀ ni kí a kọ irú ẹni tí ó sọ ọ́, àdúgbò rẹ̀ àti ọjọ́. Nǹkan kékeré ni èyí jọ, ṣùgbọ́n òun ni ó yàtọ̀ sí àhesọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọdún Igogo ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ó mọ̀ pé nítorí Ọrọnsẹn, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹnjẹn, ni a ń ṣe é, pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni, pé agogo ni a ń lù, a kì í lu ìlù, àti pé Ọlọ́wọ̀ máa ń di irun bí obìnrin. Wọ́n mọ èèwọ̀ Ọrọnsẹn pẹ̀lú: a kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, a kò gbọdọ̀ ju igi ìdáná sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo ni wọ́n kọ́kọ́ rú nínú wọn? Ta ni ó rú u? Kí ni Ọrọnsẹn sọ nígbà tí ó ń lọ? Bí ogún ọmọ bá béèrè lọ́wọ́ ogún àgbà, ìdáhùn kò ní jẹ́ ẹyọ kan. Olùkọ́ tí kò mọ̀ yóò ní kí wọ́n yan èyí tí ó tọ̀nà, kí wọ́n pa ìyókù rẹ́. Lójú tiwa, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ìtàn: ó ń sọ àdúgbò tí ó ń sọ̀rọ̀ àti ohun tí ó ṣe pàtàkì lójú wọn. Kí a kọ gbogbo wọn. Bí àgbà kan bá sì wí pé ohun báyìí kì í ṣe ohun tí à ń kọ sílẹ̀, kí ọmọ pa ìwé rẹ̀ dé, kí ó dúpẹ́.

A kò fẹ́ kí ìwé náà di ti ìwádìí nìkan. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tẹ apá kìn-ín-ní Ìrìnàjò jáde ní ọdún 1949. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ọ̀nà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá gbàgbé, ni ó di ìwé. Nítorí náà, kí ìdá mẹ́ta ojú-ewé jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀: àlọ́ tí ó ṣẹ̀dá, oríkì tí ó kì fún àbúrò rẹ̀, àwòrán òpó ààfin, ohun tí ó bà á nínú jẹ́. Kí a fún un láyè láti ká ojú-ewé kan ní àkámọ́, kí olùkọ́ má sì ṣí i. Ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu ọdún 2022, a pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìjọ Àgùdà St. Francis ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Àwọn ọmọ tí ó wà nítòsí ní ọjọ́ náà ti dàgbà díẹ̀ báyìí, òmíràn nínú wọn yóò sì wà ní kíláàsì wa. Àròkọ tí a fún ní àkọlé, tí a ó sì gba máàkì lé lórí, kò lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú-ewé tí a ká lè gbà á.

Báwo ni a ó ṣe fún ìwé náà ní máàkì? Kí a má ṣe ka àṣìṣe àkọtọ́ inú ojú-ewé òsì. Kí a wo bóyá ọmọ náà fi ọjọ́ sí i, bóyá ó tún padà lọ béèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ kò yé e, bóyá àlàyé rẹ̀ ní ojú-ewé ọ̀tún mọ́gbọ́n dání. Bí ọdún bá parí, kí a da ojú-ewé tí ọmọ bá fẹ́ kí a rí kọ, tàbí kí a fi fóònù yà wọ́n. Ẹ̀dà kan yóò wà ní ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ nínú àpótí onírin tí ikán kò lè wọ̀, ìwé fúnra rẹ̀ yóò sì padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Olùkọ́ tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ márùn-ún ṣe ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní: ilé, owó, ọwọ́, àgbàlá, omi, kí ọmọ béèrè wọn nílé, kí ó sì kọ wọ́n bí ará Ọ̀wọ̀, Ìpèlè, Ifọ̀n tàbí Ìdóàní ti pè wọ́n sí i létí.